Bí mo ṣe kọ́ àròkọ alárìíyànjiyàn nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ

Aṣọ ni mo ń rán ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Mo ti dàgbà kí n tó forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC, nítorí náà lẹ́sìnnì alẹ́ ni mo ń lọ fún iṣẹ́ Yorùbá. Àròkọ onílẹ́tà kò yọ mí lẹ́nu. Ti aṣàpèjúwe náà rọ̀ mí lọ́rùn, torí ojoojúmọ́ ni mò ń wo aṣọ níwájú àti lẹ́yìn. Alárìíyànjiyàn ló fẹ́ ká mi lápá kò.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n padà sí. Kò pẹ́ sígbà náà ni Bàbá Tíṣà kọ orí ọ̀rọ̀ sójú pátákó: "Èdè Yorùbá ló yẹ kí a máa fi kọ́ ọmọ títí tí yóò fi jáde ìwé kẹfà." Wọ́n ní ká gbè é lẹ́yìn tàbí ká ta kò ó.

Ìkéde yẹn ti dùn mí tẹ́lẹ̀, mo sì rò pé ẹ̀dùn ọkàn nìkan tó kọ àròkọ. Òru ọjọ́ kan ni mo kọ ojú ewé méjì. Òwe mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Gbólóhùn tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni, "Ẹni tí kò bá fi èdè rẹ̀ kọ́ ọmọ rẹ̀ ti ta ọmọ náà lẹ́rú." Bàbá Tíṣà kà á tán, wọ́n fi bírò pupa fa ìlà sí abẹ́ gbólóhùn yẹn gan-an.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ níbí?"

Mo ní, "Àwọn tí kò gbà pẹ̀lú wa ni, sà."

"Ẹni tí o ní ó ta ọmọ rẹ̀ lẹ́rú, ṣé yóò jókòó kà á dé ìsàlẹ̀?"

Mi ò lè dáhùn. Wọ́n ní kí n lọ wá ẹnì kan tí kò gbà, kí n má bá a jiyàn rárá, kí n gbọ́ ọ, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo sọ nìyẹn." Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe lórí àròkọ yìí, èyí ló le jù fún mi. Ó sì ni mo máa sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́ ọ pé kó kọ́kọ́ ṣe, kó tó wá ẹ̀rí kankan.

Oníbàárà mi kan tó ń ta èlùbọ́ wá wọ bùbá wò. Mo bi wọ́n ní èrò wọn. Wọ́n ní, "Àǹtí, ọmọ mi àgbà wáṣẹ́ lọ sí ibì kan. Wọ́n bi í ní ọ̀rọ̀ tó mọ̀ dáadáa, kò rí Gẹ̀ẹ́sì tó máa fi sọ ọ́. Ọmọ tí kò tó o lọ́gbọ́n ni wọ́n mú. Àwọn tó ń ní ká fi Yorùbá kọ́ ọmọ wa yìí, kí ni wọ́n fi ń kọ́ tiwọn?"

Ẹ̀yìn pépà tí mo fi ń gé pátánì ni mo kọ ọ́ sí. Mo kà á sí wọn létí: ẹ ò fẹ́ràn Yorùbá nítorí kò lè wá owó. Wọ́n fa bùbá náà kúrò lọ́rùn. "Rárá o! Mi ò sọ pé mi ò fẹ́ràn Yorùbá. Ẹ̀rù ló ń bà mí, kí wọ́n má fi ọmọ mi dánra wò." Mo pa tàkọ́kọ́ rẹ́, mo kọ èyí. Ojú ọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn, mi ò bá má mọ̀ ọ́n láéláé ká ní mo ń dá wọn lóhùn ni.

Mo wá lọ wá ẹ̀rí. Nílùú tí mò ń gbé yìí gan-an ló wà! Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Ilé iṣẹ́ Ford Foundation ló fún wọn lówó. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ kíláàsì kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì wà níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí wọ́n ń kọ́ wọn lọ́tọ̀. Kíláàsì kejì ń lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n gbé wọn wò, àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kàwé fún ọdún mẹ́fà ló ṣe dáadáa jù, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì kẹ́yìn. Fafunwa yìí náà ló wá di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ lọ́dún 1990.

Mo sáré lọ bá Bàbá Tíṣà bí ẹni tó rí wúrà. Wọ́n yọ̀ fún mi lóòótọ́, àmọ́ wọ́n béèrè pé, "Ta ló kọ ìwé tí àwọn ọmọ yẹn lò?" Mo padà lọ kà á. Ńṣe ni wọ́n jókòó kọ ìwé tuntun lédè Yorùbá, tí wọ́n sì kọ́ àwọn tíṣà tí yóò lò ó. Ẹni tó bá fẹ́ ta kò mí yóò ní owó àti ìwé ló ran àwọn ọmọ náà lọ́wọ́, kì í ṣe Yorùbá. Ọjọ́ méjì ni mi ò lè kọ nǹkan kan.

Ìgbà tó yá ni mo rí i pé kò yẹ kí n sá fún àtakò yẹn. Mo tún ohun tí mò ń jà fún sọ: kí a fi Yorùbá kọ́ wọn títí dé ìwé kẹfà, ṣùgbọ́n kí ìwé àti tíṣà ti wà nílẹ̀ kí òfin tó dé. Bí mo ṣe dín in kù báyìí ló fi lágbára. Ìlànà tí kò ní ìwé kò já sí nǹkan fún ọmọ ìyá eléèlùbọ́, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn.

Ìpínrọ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ àròkọ, inú ṣọ́ọ̀bù ni mo ti rí i. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì bi ọmọ iṣẹ́ mi pé kí ni ìdajì ínṣì méje ààbọ̀. Ó ń wo ilẹ̀. Mo fi Yorùbá bi í. Ó ká téèpù sí méjì, ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ́ níbi ínṣì mẹ́ta àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó gbé e sókè fún mi. Bàbá Tíṣà kìlọ̀ pé ọmọ kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀rí, ó kàn ń ṣílẹ̀kùn ni, nítorí náà kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo gbé ẹ̀rù ìyá eléèlùbọ́ kalẹ̀, ní ọ̀rọ̀ ẹnu tiwọn, kí n tó mú Mọ́dákẹ́kẹ́ wá. Mo yọ òwe márùn-ún kúrò. Èyí tó kù, "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde," ibi tí mo ti ń sọ pé Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ yẹn kò bàjẹ́ ni mo fi í sí, torí ibẹ̀ ló ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Gbólóhùn ẹrú yẹn náà lọ. Ó dùn mí díẹ̀.

Nígbà tí ìyá eléèlùbọ́ wá gba bùbá wọn, mo kà á sí wọn létí látòkèdélẹ̀. Wọn ò já lu ọ̀rọ̀ mi. Níbi tí mo ti sọ̀rọ̀ ọmọ tó wáṣẹ́ lọ, wọ́n mi orí. Mo parí, wọ́n ní, "Bó ṣe rí nìyẹn. Àmọ́ mi ò tíì gbà fún yín o." Wọ́n ká bùbá sínú báàgì, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n yíjú padà.

"Àwọn ìwé tí wọ́n kọ nígbà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ibo lèèyàn ti lè rí i rà?"