Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tí wọ́n ń ṣe sí ajá ọdẹ nígbà ọyẹ́

Ọyẹ́ ti dé, koríko ti gbẹ, wọ́n sì ti ń dáná sun ìgbẹ́ káàkiri láti Ìdọ̀fíàn títí dé Òkè-Òde. Àsìkò yìí gan-an làwọn èèyàn máa ń kó ajá jáde, ìbáà ṣe ọdẹ tó fẹ́ lé ọ̀yà, ìbáà ṣe fijilántì tó fẹ́ kí ajá máa bá òun rìn lóru, ìbáà ṣe àgbẹ̀ tí ọ̀bọ ń hú iṣu ẹ̀. Àsìkò yìí náà la sì máa ń gbọ́ pé ajá lágbájá ṣubú sínú ìgbẹ́, kò dìde mọ́. Wọ́n á ní ayé ló ṣe é, wọ́n á ní ẹnì kan tó rí i pé ajá yẹn mọṣẹ́ ló fi nǹkan pa á. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe ayé o, ooru ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní ajá mọ̀ ni pé ajá tó fẹ́ràn iṣẹ́ ò ní sọ fún yín pé ó ti rẹ òun. Bó bá ti rí ẹran níwájú, tó ń gbọ́ ohùn ọ̀gá ẹ̀ lẹ́yìn, á máa sáré lọ ni títí ẹsẹ̀ ò fi ní gbé e mọ́. Ẹni tó mú un wá ló yẹ kó mọ ìgbà tó tó.

Àwọn kan wà ní Alaska lọ́dọ̀ àwọn Amẹ́ríkà, ajá ló ń wọ́ ọkọ̀ wọn lórí yìnyín. Láti ọdún 1973 ni wọ́n ti ń sá eré ìje kan tí wọ́n ń pè ní Iditarod, láti Anchorage dé Nome, ó tó nǹkan bí 1,600 kìlómítà, ajá ló ń wọ́ èèyàn àtẹrù lọ. Omi tó wà nínú kọ́ọ̀bù á dì gbagidi níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó yíjú padà. Síbẹ̀ àwọn yẹn gan-an ń bẹ̀rù ooru fún ajá wọn, torí ajá tó ń ṣiṣẹ́, ara ẹ̀ fúnra ẹ̀ ló ń dáná. Tí oòrùn bá ti mú díẹ̀ báyìí ọ̀pọ̀ nínú wọn á jẹ́ kí ajá sùn, ó di alẹ́ kí wọ́n tó tún gbéra. Àwa wá rèé ní Kwara, tí ọ̀sán wa ń lé ní 30 digírì, a ń kó ajá wọ ìgbẹ́ láago mọ́kànlá àárọ̀!

Ọyẹ́ ló ń tan èèyàn jẹ. Ẹ ó jí láago márùn-ún, òtútù á máa mú yín, ẹ ó wọ súwẹ́tà, ẹ ó ní áà, ara tu ajá lónìí, ẹ jẹ́ ká lọ jìnnà. Kó tó di aago mẹ́wàá oòrùn ti là, afẹ́fẹ́ gbẹ, ìgbẹ́ tí wọ́n ti sun ò ní ibòji kankan mọ́, ẹ sì ti jìnnà sílé, ọ̀nà àbọ̀ ló wá ń pa ajá. Ajá kì í làágùn bíi tèèyàn, àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ló ti ń làágùn díẹ̀, ìyẹn ò sì tó nǹkan. Mímí hẹlẹhẹlẹ yẹn ló fi ń lé ooru jáde, omi ara ẹ̀ sì ń bá a lọ, nínú afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tó gbẹ báyìí kíá lomi náà ń tán. Ara ajá tó dá ṣáṣá máa ń wà láàárín 38 sí 39 digírì, tó bá ti lé ní 41, ewu ńlá ni.

Ẹ máa wo ahọ́n ẹ̀. Tí ahọ́n bá ti fẹ̀, tó gùn jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí itọ́ ẹnu ẹ̀ nípọn, tí ìdí eyín ẹ̀ pọ́n kọjá bó ṣe yẹ, tó ń wá abẹ́ igi tó ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀ kó lè dùbúlẹ̀ lórí èyí tó tutù, iṣẹ́ ti parí lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, ẹran ìbáà wà níwájú. Èyí tó bá ti ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mutí, kẹ́ ẹ má dúró wò ó rárá. Ẹ gbé e sábẹ́ ibòji, ẹ da omi sí i níkùn, sí abẹ́ apá, sí àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ máa fi fìlà tàbí ẹ̀wù fẹ́ ẹ. Ẹ má fi aṣọ tútù bò ó kẹ́ ẹ wá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ o, ńṣe ló máa há ooru mọ́ ọn lára. Tó bá lè mu omi, ẹ fún un díẹ̀díẹ̀, ẹ má rọ ọ́ sí i lọ́fun. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko, kódà tó bá ti dìde, torí ó lè jẹ́ pé inú ló ti bàjẹ́.

Èyí tó tún ń bí mi nínú ni kí wọ́n so ajá mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, pé àwọn fẹ́ kó le. Mo máa ń rí wọn lójú ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀kẹ́-Oyì, ọ̀dọ́mọdé ajá tí egungun ẹ̀ ò tíì gbó, ọ̀dà títì gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, ọ̀kadà ń sáré, kò sì lè dúró torí ọrùn ẹ̀ wà nínú okùn. Ẹ jẹ́ kó pé ọdún kan ó kéré tán kẹ́ ẹ tó fún un níṣẹ́ tó le. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ máa tẹ̀ lé àgbà ajá, kó máa fi ojú kọ́ṣẹ́, kó máa ṣeré padà wálé. Bẹ́ẹ̀ làwọn ará Alaska náà ń ṣe, ẹ̀gbẹ́ ajá tó ti mọṣẹ́ ni wọ́n ń so ọmọ tuntun mọ́. Ẹ má sì kó ajá tuntun méjì mẹ́ta jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á kàn máa kọ́ ara wọn ní ìranù ni.

Ẹsẹ̀ ńkọ́? Ìgbẹ́ tí iná ti jó, kùkùté èèsún tó kù nílẹ̀ mú ju ọ̀bẹ lọ, ẹyin iná sì lè wà lábẹ́ eérú fún ọjọ́ kan sí i. Èèmọ́ á wọ àárín ìka, yèrèpè á bọ́ sí i lára, gbogbo òru lajá á fi máa họra tẹ́ ẹ ó rò pé ẹ̀fọn ni. Àwọn tó ń fi ajá wọ́ ọkọ̀ lórí yìnyín, ẹsẹ̀ ajá ni nǹkan àkọ́kọ́ tí wọ́n ń wò níbikíbi tí wọ́n bá ti dúró, wọ́n tiẹ̀ ń wọ bàtà aṣọ fún un. A ò nílò bàtà níbí, ṣùgbọ́n ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ la àárín ìka kọ̀ọ̀kan wò nígbà tẹ́ ẹ bá dé. Èyí tó bá sán, ẹ fomi wẹ̀ ẹ́, ẹ fi òrí díẹ̀ pa á, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ajá tó ń tiro tẹ́ ẹ mú jáde, ẹ ń bà á jẹ́ ni.

Oúnjẹ náà, wọ́n á fi àmàlà àná bọ́ ajá yó bámúbámú kí wọ́n tó jáde, pé kó lágbára. Ikùn ajá tó kún tó wá ń sáré lè wú, kó sì lọ́ra pọ̀ nínú, ó sì ń pa wọ́n ní wákàtí díẹ̀. Ẹ bọ́ ọ lálẹ́, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ parí kó sinmi kẹ́ ẹ tó tún bọ́ ọ. Kẹ́ ẹ má sì da ọbẹ̀ tí àlùbọ́sà kún inú ẹ̀ sí i lábọ́, àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Egungun adìẹ tí wọ́n ti sè náà ń fọ́ ṣóṣóró nínú ìfun. Ní ti omi, ajá tó ń wá ẹran kì í fẹ́ dúró mu omi lásán, ọgbọ́n kan tí àwọn ará Alaska ń dá ni pé wọ́n ń da omi ẹran tàbí ẹja díẹ̀ mọ́ ọn kó lè máa ta sí i nímú, ó ṣeé ṣe dáadáa nílé wa níbí, ṣáà ti bọ ẹran yẹn láìsí iyọ̀ àti ata, kẹ́ ẹ gbé e sínú kẹ́ẹ̀gì dání.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Mo gbà, ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ọ pé kó má gbọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fun fèrè àfi tó bá ti tó àsìkò àtide ajá mọ́lẹ̀. Ajá mọ̀ pé tóun bá ti lọ, ìgbádùn ti parí, ló bá pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, nígbà tó dé wọ́n nà án. Lójú tiwọn, wọ́n nà án torí pé ó pẹ́. Lójú tajá, wọ́n nà án torí pé ó wá. Ẹ ṣe èyí lẹ́ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta, fèrè yẹn ti di ìpè ẹgba nìyẹn. Ẹ máa fun fèrè nílé tẹ́ ẹ bá fẹ́ fún un lóúnjẹ, ẹ máa fun ún láàárín eré, tó bá wá kẹ́ ẹ fún un ní ẹja díẹ̀ kẹ́ ẹ tún jẹ́ kó máa lọ. Nínú ìgbẹ́, ì báà pẹ́ títí, tó bá ti dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ fọwọ́ pa á lórí.

Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fi ń pàṣẹ náà, kó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Nílùú Ìlọrin níbí, bàbá á ní "wá", ọmọ tó lọ sí súkúù á ní "come", ẹni tó ń ṣọ́gbà á ní "zo", ajá á kàn máa wojú gbogbo wọn ni. Èdè yòówù kó jẹ́, ẹ fẹnu kò sí ọ̀kan.

Ajá tó dúró tó kọ̀ tí kò lọ síwájú, ẹ má yára nà án. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1925, àìsàn diphtheria, èyí tó ń dí ọ̀fun èèyàn, ń pa àwọn ọmọdé nílùú Nome ní Alaska, ọkọ̀ òfuurufú ò lè gbé oògùn débẹ̀, ajá ni wọ́n fi gbé e, láti ọwọ́ ẹgbẹ́ kan sí òmíì. Gunnar Kaasen ló kó ẹgbẹ́ tó parí ìrìn yẹn, Balto lorúkọ ajá tó wà níwájú, ìjì yìnyín bo ojú ọ̀nà débi pé Kaasen ò rí àwọn ajá tó sún mọ́ ọn gan-an, ó fi ọ̀nà sílẹ̀ fún Balto, wọ́n sì dé. Imú ajá mọ ohun tójú wa ò mọ̀. Ó lè jẹ́ paramọ́lẹ̀ ló wà lábẹ́ ewé, ó lè jẹ́ tàkúté tí ẹnì kan dẹ láìṣààmì. Ẹ lọ wò ó fúnra yín, ẹ fi igi yẹ ibẹ̀ wò.

Kí wọ́n fún ajá ní ẹ̀tù ìbọn tàbí ata kó lè ya òǹrorò, ẹ dákun ẹ fi sílẹ̀. Májèlé ni ẹ̀tù. Ajá tí inú ń jó ò gbọ́ràn, ọmọ aráalé ló sì máa kọ́kọ́ gé jẹ.

Àwọn mùsùlùmí kan á ní àwọn ò lè fi ajá ṣọdẹ. Àwọn Àáfáà ti ṣàlàyé ẹ̀ fún wa pé nínú Súrà karùn-ún nínú Kùránì, ẹsẹ kẹrin, ẹran tí ajá tí wọ́n ti kọ́ bá mú fún ọ̀gá ẹ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́, kí wọ́n ti dárúkọ Ọlọ́run nígbà tí wọ́n ń rán an. Ṣùgbọ́n nínú hadíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì, tí Adiyy ọmọ Hatim gbà wá, tí ajá bá ti jẹ nínú ẹ̀, ara ẹ̀ ló mú un fún, tí ajá mìíì tẹ́ ẹ ò rán bá sì dà pọ̀ mọ́ ọn, ẹ má jẹ ẹ́. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n á la ẹran lójú ẹsẹ̀, wọ́n á ju ìfun sí ajá níbẹ̀, nígbà tó bá yá ajá ò ní dúró de ọ̀bẹ mọ́. Ẹ mú nǹkan mìíì dání tẹ́ ẹ ó fi yìn ín, kí ìpín tiẹ̀ dúró dilé. Ẹni tí kì í ṣe mùsùlùmí náà, ajá tó ń jẹ ẹran nínú ìgbẹ́ ò wúlò fún un.

Eégbọn wà nígbà ọyẹ́ náà o. Ọ̀tapíápíá àti ọ́ílì ìdọ̀tí inú ẹ́ńjìnì kì í ṣe oògùn eégbọn, ajá á lá a, á sì kú. Ẹ má fún un ní parasítámọ́ọ̀ù tàbí oògùn ara ríro tèèyàn bó bá ń tiro. Yunifásítì Ìlọrin ní ọsibítù ẹranko, ẹ gbé e lọ síbẹ̀ tàbí sí èyíkéyìí tó bá sún mọ́ yín.

Ibẹ̀ náà lẹ ó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, tó bá ti pé oṣù mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì máa tún un gbà lọ́dọọdún. Ajá ọdẹ ń bá ẹranko ìgbẹ́ jà, ó ń bá ajá tẹ́nì kankan ò mọ̀ pàdé, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ gbà á. Tí ajá bá gé èèyàn, ì báà ṣe tiyín, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, ẹ má fi àgbo tàbí eérú sí i, ẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ fún un, torí tí àìsàn yẹn bá ti lè fara hàn lára èèyàn, kò sóògùn tó ń wò ó.