Àwọn Àṣìṣe Tí Ń Ba Ìsinmi Ẹbí Jẹ́ ní Zanzibar

Iṣẹ́ mi ni láti máa bá àwọn ẹbí ṣètò ìrìn-àjò. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí ẹni tó tu owó jọ fún ọdún gbáko, tó wá lọ ná an síbi tí kò yẹ. Ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, n kò ní í kọ́ yín níyẹn. Ohun tí mò ń rí léraléra ni kí ẹ jẹ́ kí n sọ.

1. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀dínwó oṣù Kẹrin fà yín lọ. Láti ìparí oṣù Kẹta títí wọ oṣù Karùn-ún ni òjò ńlá tí wọ́n ń pè ní masika máa ń rọ̀ níbẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì mìíràn tilẹ̀ máa ń ti ilẹ̀kùn. Oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹwàá ni kí ẹ lọ.

2. Ẹ má fi àwòrán yan etíkun. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Ẹnì kan á rí àwòrán Jambiani tàbí Paje lórí fóònù, omi mọ́ gaara, ó kún dé ẹsẹ̀ àgbọn, kíá, ó ti sanwó. Kò béèrè aago tí wọ́n ya àwòrán náà.

Ní etíkun ìlà-oòrùn Unguja, erékùṣù tó tóbi jù ní Zanzibar, láti Matemwe dé Jambiani, ilẹ̀ abẹ́ omi tẹ́ pẹrẹsẹ títí dé ibi àpáta iyùn. Tí òkun bá fà, ó lè jìnnà tó kìlómítà kan. Yanrìn tútù ló máa kù nílẹ̀, pẹ̀lú koríko òkun àti oko mwani, ìyẹn ewéko òkun tí àwọn obìnrin abúlé ń gbìn, tí wọ́n sì ń tọ́jú. Lójúmọ́ kan, omi á kún lẹ́ẹ̀mejì, á sì fà lẹ́ẹ̀mejì, àkókò rẹ̀ á sì máa fi bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ ju ti àná lọ. Nígbà oṣù tuntun àti nígbà òṣùpá àrànmọ́jú ló máa ń fà jìnnà jù, bí aago 10 sí 11 òwúrọ̀ gan-an, ìgbà tí àwọn ọmọ bá jẹun tán.

Mo bá ẹbí kan pàdé níbẹ̀ nígbà àrànmọ́jú. Láràárọ̀, kí àwọn ọmọ tó wọ aṣọ ìwẹ̀ tán, òkun á ti lọ. Bàbá wọn ń pariwo pé òtẹ́ẹ̀lì rẹ́ òun jẹ. Ta ló rẹ́ ẹ jẹ? Àtẹ ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tó ń fà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́! Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà fi ẹsẹ̀ lásán rìn tọ omi lọ, ó sì tẹ ẹ̀dá òkun dúdú kan tó kún fún ẹ̀gún bí òòrẹ̀. Bàtà rọ́bà tí wọ́n ń wọ̀ wọnú omi ni ì bá gba ọmọ yẹn sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ yín fẹ́ wà nínú omi látàárọ̀ ṣúlẹ̀, Kendwa tàbí Nungwi ní àríwá ni kí ẹ gbà lọ, omi kì í fà jìnnà níbẹ̀. Èrò pọ̀ ní Nungwi, orin sì máa ń dún lálẹ́, nítorí náà ẹ béèrè yàrá tó jìnnà sí ilé ọtí. Bó bá jẹ́ ìdákẹ́rọ́rọ́ ìlà-oòrùn lẹ fẹ́, ẹ wo òṣùpá kí ẹ tó mú ọjọ́. Ìgbà tí òṣùpá bá jẹ́ ààbọ̀ ló dára, torí omi kì í fà púpọ̀ nígbà náà, ó sì máa ń kún lówùúrọ̀. Omi àárín àpáta iyùn àti etíkun á tòrò, kò sì ní í jìn fún ọmọdé.

Ọ̀rọ̀ sáré-n-bájà náà ńkọ́? Ìsinmi lẹ pè é, kí ló wá dé tí ẹ ń jí ọmọ ọdún mẹ́rin ní aago márùn-ún? Lónìí Stone Town, ìlú àtijọ́ Zanzibar, lọ́la oko kànáfùrù, lọ́tùn-únla àwọn ọ̀bọ igbó Jozani, lẹ́yìn náà àwọn ahun ńláńlá erékùṣù Changuu. Láti Stone Town sí Nungwi nìkan ju wákàtí kan lọ nínú mọ́tò. Ẹ jókòó síbì kan. Tí ẹ bá jáde lónìí, ẹ sinmi lọ́la. Tí ó bá jẹ́ ibì kan péré lẹ lè lọ, ẹ mú àwọn ọmọ lọ wo ahun. Inú wọn á dùn ju tiyín lọ.

Ọ̀rá láílọ́ọ̀nù: ẹ fi sílé, Tanzania, orílẹ̀-èdè tí Zanzibar wà lábẹ́ rẹ̀, ti fòfin dè é láti ọdún 2019.

Ẹ má wọ aṣọ ìwẹ̀ rìn kiri Stone Town. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ bo èjìká àti orúnkún.

Ẹ̀fọn wà o.

Ẹni tó bá ń bọ̀ láti orílẹ̀-èdè tí ibà pọ́njú wà, kó gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ ó kéré tán ọjọ́ 10 ṣáájú, kó sì mú yellow card dání.

Adójútòfò náà tún wà. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, àlejò gbọ́dọ̀ ra ti ìjọba Zanzibar fúnra rẹ̀, dọ́là 44 fún àgbàlagbà, ì báà ti ní òmíràn lọ́wọ́. Mo ti rí ìyá tó pọn ọmọ sẹ́yìn ní pápákọ̀ òfuurufú, tó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí yóò fi rà á, nígbà tí àwọn yòókù ti ń lọ sí etíkun. Ẹ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, kí ẹ fi há inú ìwé ìrìnnà yín.