Bí Mo Ṣe Gbé Owó Oṣù Òṣìṣẹ́ 11 Kúrò Nínú Excel Lọ Sórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ilé iṣẹ́ kékeré tí mo ń bójú tó ìwé owó wọn ní òṣìṣẹ́ 11: àwọn 8 ń gba owó oṣù, àwọn 3 tó kù ń gba owó wákàtí. Oṣù kẹrin ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn kúrò nínú Excel, oṣù keje sì ni owó gidi kọ́kọ́ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì jáde. Fífi orúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì tó ń ṣírò owó oṣù kò gbà ju wákàtí kan lọ. Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí ni títún àkọsílẹ̀ ṣe kí ó tó wọlé, àti yíyẹ ìṣirò wò kí owó tó jáde. Ẹni tó bá fo méjèèjì kàn kó àṣìṣe ilé àtijọ́ lọ sí ilé tuntun ni.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo bi àwọn tó ń ta iṣẹ́ náà ni bóyá wọ́n máa ń bá ènìyàn san owó orí fún ìjọba, àbí wọ́n kàn ń ṣírò rẹ̀. Àwọn kan á ṣírò, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀; ẹ̀yin lẹ ó lọ san án. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ń san án, lọ́pọ̀ orílẹ̀-èdè, agbanisíṣẹ́ ni òfin á mú bí owó náà kò bá débẹ̀, nítorí náà ẹ máa gba rìsíìtì rẹ̀ lóṣooṣù. Ní ti owó iṣẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ ń gba iye kan lọ́wọ́ ilé iṣẹ́, wọ́n á tún gba iye kan lórí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń ka ẹni tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ mọ́ ọn. Kí n tó fọwọ́ sí i, mo rí i dájú pé mo lè kó gbogbo àkọsílẹ̀ jáde nígbàkigbà ní fáìlì CSV, ìyẹn fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí kọ́mà pín sí òpó-òpó. Èmi kò ní kó ìwé owó ẹnikẹ́ni sí ibi tí kò ti ní ṣeé kó jáde.

Fáìlì òṣìṣẹ́ ló kàn. Ìlà kan fún ẹnì kan: orúkọ bó ṣe wà ní báǹkì gẹ́lẹ́, nọ́ńbà àkáǹtì, nọ́ńbà owó orí, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iye tó ń gbà, àti ohun tí a ń yọ níbẹ̀ lóṣooṣù. Excel máa ń gé òdo tó bá ṣíwájú nọ́ńbà dànù, tí 0012345678 á fi di 12345678. Bí díjíìtì bá sì ju 15 lọ, àwọn tó kù lẹ́yìn yóò di òdo. Mo sọ òpó náà di Text, ìyẹn ọ̀rọ̀ lásán, kí n tó tẹ nọ́ńbà kankan síbẹ̀, n kò sì tún fi Excel ṣí fáìlì CSV náà lẹ́yìn tí mo ti fi í pamọ́, torí pé bí mo bá ṣí i bẹ́ẹ̀, tí mo sì tún fi í pamọ́, òdo wọ̀nyẹn á tún lọ. Kíkọ ọjọ́ pẹ̀lú nílò ìṣọ́ra. 03/07 lè jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù keje, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ keje oṣù kẹta. Ọdún ni mo fi ṣíwájú, oṣù tẹ̀ lé e, ọjọ́ gbẹ̀yìn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé ni àpapọ̀ owó tí òṣìṣẹ́ ti gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, pẹ̀lú owó orí tí a ti yọ. Bí ẹ bá wọlé láàárín ọdún láìkọ ọ́ síbẹ̀, ìkànnì á rò pé ẹni náà kò tíì gba kọ́bọ̀ lọ́dún náà. Níbi tí owó orí ti ń gòkè bí owó ọdún ṣe ń pọ̀ sí i, èyí tí wọn yóò yọ lè má tó. Ní ti ìdáwó (bíi ti owó ìfẹ̀yìntì) tó bá ní òpin iye tí a lè yọ lọ́dún, wọn á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo, wọn á sì yọ jù.

Mo fi oṣù karùn-ún àti ìkẹfà dán an wò. Excel ló san owó, ìkànnì ń ṣírò lásán, mo sì ń fi méjèèjì wéra lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ tí kò tó ẹyọ owó kan wá láti inú bí a ṣe ń sọ ìdá owó di odidi, n kò lépa rẹ̀. Méjì wà tí mo lépa.

Ẹnì kan tó ń gba 300,000 lóṣù ṣe wákàtí 10 lé ní wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ lóṣù náà, tí a ń san ní ìlọ́po 1.5. Excel pín owó oṣù náà sí wákàtí 160, ó sì fún un ní 28,125. Ìkànnì lo wákàtí 40 lọ́sẹ̀, ní ìlọ́po ọ̀sẹ̀ 52, ó pín in sí oṣù 12, ìyẹn 173.33, ó sì fún un ní 25,961.54. Kò sí èyí tó ṣi ìṣirò ṣe nínú méjèèjì. Ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn iṣẹ́ ló yẹ kó borí.

Ẹnì kejì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 11 oṣù kẹfà, lórí 300,000 bákan náà. Bí a bá ka gbogbo ọjọ́, 20 nínú 30 jẹ́ 200,000. Bí a bá ka ọjọ́ iṣẹ́ nìkan, 14 nínú 22 jẹ́ 190,909.09. Mo yan ọjọ́ iṣẹ́, mo sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn kí ẹlòmíràn má baà gba tirẹ̀ lọ́nà mìíràn.

Kí oṣù keje tó wọlé, mo ní kí wọ́n nu ìdánwò méjèèjì kúrò, kí n tó kọ àpapọ̀ tuntun tó dé òpin oṣù kẹfà. Bí a kò bá nù ún, oṣù méjèèjì á di kíkà lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ọjọ́ ìsanwó bá ń bọ̀, ẹni tó ń pèsè owó kọ́ ló ń fọwọ́ sí i. Mo ń pèsè rẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ 4 ṣáájú, ọ̀gá ń fọwọ́ sí i kó tó ku ọjọ́ 3, torí pé báǹkì kì í ka ọjọ́ ìsinmi. Kó tó tẹ bọ́tìnnì, ó gbọ́dọ̀ rí i pé iye òṣìṣẹ́ pé, àti pé àpapọ̀ owó tí yóò dé ọwọ́ wọn bá iye tó wà nínú fáìlì báǹkì mu. Bí owó bá ti jáde, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Bí ímeèlì bá wọlé pé òṣìṣẹ́ kan fẹ́ pààrọ̀ àkáǹtì rẹ̀, ẹ má ṣe fèsì sí i. Nọ́ńbà fóònù tó ti wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ fi pè é, torí ọ̀nà yìí gan-an ni àwọn gbájúẹ̀ ń gbà jí owó oṣù.

Ẹni tó bá sì fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ tó parí iṣẹ́ sórí ìkànnì lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ẹ ṣì máa nílò rẹ̀ fún ìwé owó orí òpin ọdún.