Bẹ́ẹ ṣe lè ṣọ̀fọ̀ pọ̀ ládùúgbò tí àjálù bá ṣẹlẹ̀, láìsọ ọ́ di òde àríyá

Ẹ̀yin èèyàn wa l'Ógbómọ̀ṣọ́, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ yìí nígbà tí ara ṣì balẹ̀, torí ọjọ́ tí ìròyìn burúkú bá dé, ẹni tó bá kọ́kọ́ pariwo lórí WhatsApp ni gbogbo èèyàn máa ń tẹ̀ lé. Ẹ rántí December 2024. Ọjọ́ 18 ni ọmọ 35 kú ní Islamic High School, Baṣọ̀run, n'Íbàdàn, níbi òde ọdún tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe fáwọn ọmọdé, nígbà tó sì máa fi di ọjọ́ 21, èèyàn tún ti tẹ ara wọn pa níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ l'Ábújá àti ní Okija ní ìpínlẹ̀ Anambra, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Tinubu gan-an fagi lé ètò tó ní l'Ékòó lọ́jọ́ náà. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀, kálukú á fẹ́ ṣe nǹkan, ẹnì kan á sì ní ká kó ara wa jọ sí Takie láàárín ìlú ká tan àbẹ́là.

Mi ò ní kẹ́ẹ má ṣe é o. Àmọ́ Takie kọ́. Ẹ̀yin náà mọ bí Takie ṣe ń rí nírọ̀lẹ́, ọlọ́kadà, Micra, ọkọ̀ tó ń lọ Ìlọrin, àwọn tó ń tajà lẹ́bàá títì. Àwọn ọmọ tó kú ní Baṣọ̀run yẹn, èrò ló pa wọ́n, ṣé èrò la tún fẹ́ kó jọ nítorí wọn ni? Ẹ ṣe é ládùúgbò ládùúgbò. Kí Òkè-Ẹlẹ́rìn ṣe tiwọn, kí Màsífà ṣe tiwọn, kí àwọn ọmọ LAUTECH náà ṣe tiwọn ní Under-G. Pápá ilé ìwé dáa jù, tó bá ti ní géètì méjì, ẹ ṣí méjèèjì sílẹ̀ gbayawu, kẹ́ni kan dúró ti ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ má sì pín ohunkóhun níbẹ̀, ì báà ṣe píọ́ wọ́tà. Ẹni tó bá ní ìrẹsì tó fẹ́ fi ṣàánú, kó gbé e lọ sílé àwọn tó nílò ẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kó má ṣe é.

Kẹ́ẹ tó dá ọjọ́ rárá, ẹ wádìí bóyá ó kan ẹnì kan ládùúgbò yín. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ò sí ibi tí wọn ò sí, wọ́n ti ṣòwò dé Jos, dé Kánò, Gánà pàápàá kún fún wọn kí wọ́n tó lé wọn ní 1969, torí náà àjálù tẹ́ẹ rò pé ọ̀nà jíjìn ló ti ṣẹlẹ̀ lè jẹ́ pé ọmọ ìyá ẹni tó ń ta elùbọ́ lójúde yín ló bá a lọ. Ilé yẹn lẹ máa kọ́kọ́ lọ, àwọn ló sì máa sọ bóyá àwọn fẹ́ kẹ́ẹ ṣe nǹkan tàbí àwọn ò fẹ́. Tí wọn ò bá fẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Tí wọ́n bá gbà, ẹ lọ rí baálẹ̀ tàbí mọ́gàjí, ẹ rí àlùfáà mọ́ṣáláṣí, ẹ rí pásítọ̀, ẹ rí ìyálọ́jà, ẹ jẹ́ kí àgọ́ ọlọ́pàá tó wà nítòsí mọ̀. Àárín ìrun Àsárì sí Mògáríbì ló dáa jù kí gbogbo èèyàn lè wá. Àwọn ẹlòmíì ò fẹ́ràn àbẹ́là nítorí ẹ̀sìn, ẹ má fi dandan mú wọn, kẹ́ni tó bá fẹ́ tàn án tàn án. Ní ti ọjà, àwọn kan máa ń ní kí wọ́n tì í látàárọ̀ dalẹ́. Èmi ò fara mọ́ ọn, ẹni tó ń ta ata lónìí kó tó jẹun lónìí, ọ̀fọ̀ wo lẹ tún fẹ́ dá sí i lọ́rùn? Wákàtí kan ti tó.

Bàbá ẹni àádọ́rùn-ún ọdún tó kú, a lè pe onílù, a lè dá aṣọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó jáde nílé láàárọ̀ tí ò padà wálé, ìyẹn ò gba ìlù. Kó má sí aṣọ ẹbí, kó má sí MC, kánópì tí wọ́n kọ orúkọ olóṣèlú sí lára kó dúró sílé ẹni tó ni ín. Tí Onọ́rébù bá wá, kó jókòó bíi gbogbo èèyàn. Máìkì, ẹni mẹ́rin péré: àgbà kan tó máa kí gbogbo èèyàn, ẹni méjì tó máa ṣàdúà, ẹni kan tó máa ka orúkọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹbí kẹ́ẹ tó ka orúkọ o, torí àwọn kan ò fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ ọmọ wọn níta. Bẹ́ẹ náà lẹ ò gbọdọ̀ pe ìyá ọmọ síwájú. Nílẹ̀ wa òbí kì í rí sàréè ọmọ ẹ̀, ẹ wá gbé máìkì sí i lẹ́nu pé kó bá wa sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tó máa ń ya fídíò ńkọ́? Ẹ fi fóònù sápò. Ìyá tó ń fi ìró nu imú, tí gèlè ẹ̀ ti já sílẹ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé sórí status.

Tẹ́ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣòfò, "ẹ kú ara fẹ́ra kù, Ọlọ́run á tù yín nínú" ti tó. Ẹ má sọ pé "ẹ má sunkún mọ́." Àwọn àgbà máa ń sọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́, ọ̀rọ̀ dáadáa ni, àmọ́ ẹ wo ẹni tẹ́ẹ ń sọ ọ́ fún. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún tó jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ló ní, agbè wo lẹ ń sọ? Ẹ jókòó tì í lórí ẹní, kẹ́ẹ panu mọ́.

Owó tẹ́ẹ bá dá, ẹ má gbà á sínú àkáǹtì ẹnì kan ṣoṣo, àwọn gbájúẹ̀ ti mọ ọ̀nà yẹn. Kí ẹni mẹ́ta mọ iye ẹ̀, kí baálẹ̀ gbé e fún ẹbí nílé, láìsí fọ́tò.

Ibi tó sì máa ń bàjẹ́ jù ni lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ. Wọ́n á ti ṣe fídáù, àlejò á ti lọ, ilé á dá. Oúnjẹ líle kì í lọ lọ́fun wọn nígbà yẹn, ẹ po ẹ̀kọ gbígbóná lọ bá wọn, ṣebí Ògbómọ̀ṣọ́ là ń pè ní ibi tí wọ́n ti ń jẹ̀kà kí wọ́n tó mùkọ yangan. Ẹ bá wọn fọṣọ, ẹ mú àwọn ọmọ tó kù lọ sílé ìwé. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó máa lọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ títí di ogójì ọjọ́, kẹ́ni tí ò bá ní ráyè tètè sọ kí ẹlòmíì lè lọ dípò ẹ̀.