Ẹ Má Jẹ́ Kí Full Option Tàn Yín: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Níbi Yíyan Ìpele Ọkọ̀ Oníná l'Ékòó

Ẹni tó bá ti ra Toyota RAV4 tàbí Highlander rí l'Ékòó ti mọ ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lẹ́nu àwọn tó ń ta mọ́tò. LE nìyí, XLE nìyẹn, èyí tó wà lẹ́bàá ògiri yẹn ni Limited. Tówó yín bá ká a, ẹ gbé Limited, torí lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á, òun làwọn èèyàn máa kọ́kọ́ béèrè. Ìmọ̀ràn yẹn ò burú fún ọkọ̀ tó ń mu epo, torí ohun tó ń pín àwọn ìpele yẹn níyà kì í sábà ju awọ ìjókòó, rédíò àti rímù lọ. Ṣùgbọ́n a ti gbé e wọ inú ọjà ọkọ̀ oníná bó ṣe wà, ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò. Ìpele lára ọkọ̀ oníná lè pààrọ̀ bátìrì, ó lè pààrọ̀ ihò tí iná ń gbà wọlé, ó sì lè pààrọ̀ ọ̀nà tó yẹ kéèyàn máa gbà tọ́jú ọkọ̀ náà. Nígbà mìíràn, èyí tó kéré jù lórí ìlà ló bá ilé yín mu jù.

Èyí tí mo máa ń rí jù ni kéèyàn máa fi owó ra ohun tí wọ́n ṣe fún òtútù. Àwọn tó ń to ìpele òkè pọ̀, oníbàárà Norway, Jámánì àti Kánádà ló wà lọ́kàn wọn. Ìjókòó tó ń gbóná, ọwọ́ ìdarí tó ń gbóná, heat pump tí kì í jẹ́ kí mímú inú ọkọ̀ móoru jẹ bátìrì tán lásìkò yìnyín, gbogbo rẹ̀ ló dáa, níbi tí yìnyín wà. Ní Òṣòdì lọ́sàn-án gangan, ta ló fẹ́ kí ìdí òun tún gbóná sí i? Ohun tó yẹ kéèyàn máa béèrè ni ìjókòó tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀yìn. Ó wà lára àwọn ìpele kan, ó sì tó owó tí wọ́n ń pè é. Òrùlé gíláàsì ńkọ́? Ó rẹwà nínú fọ́tò. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ní aṣọ tí wọ́n ń fà bò ó, torí àwọn kan wà tí kò ní, ooru tó bá sì gba ibẹ̀ wọlé, AC ni yóò fi iná bátìrì yín lé e jáde.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ńlá ló gba sùúrù. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tó ń ṣiṣẹ́ ní Marina á sọ fún yín pé, "Wákàtí mẹ́ta ni mò ń lò lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan, èmi ò lè gbé bátìrì kékeré." Àmọ́ bátìrì kì í ka wákàtí bí ẹni tó jókòó sínú gòsílóò ṣe ń kà á. Àlọ àti àbọ̀ ọ̀nà yẹn wà ní nǹkan bíi 80 kìlómítà. Tí ọkọ̀ bá há sórí Third Mainland Bridge, tí kò lọ síwájú tí kò pa dà sẹ́yìn, ẹ̀rọ tó ń yí táyà kò jẹ iná rárá. AC ló ń jẹun níbẹ̀, òun náà kì í sì í sábà ju kìlówáàtì kan sí méjì lọ. Wákàtí mẹ́ta nínú irú ìdádúró bẹ́ẹ̀, ó jẹ 3 sí 6 kWh (kWh kan ni iná kìlówáàtì kan tí a lò fún wákàtí kan). Nígbà tó bá tún ń sún díẹ̀díẹ̀, tí ẹsẹ̀ ń kúrò lórí títẹ̀, ọkọ̀ ń dá lára iná náà padà sínú bátìrì. Eré àsápajúdé lọ́nà Ìbàdàn ló ń fa bátìrì gbẹ. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọ̀jọ́ta ò lè ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo Hyundai Kona Electric, tí wọ́n gbé jáde ní Nàìjíríà ní 2020. Ní Yúróòpù, oríṣi méjì ni wọ́n tà nínú ti ìgbà yẹn: 39.2 kWh àti 64 kWh. Ìwọ̀n WLTP, ìyẹn ọ̀nà tí Yúróòpù ń gbà díwọ̀n ibi tí bátìrì kíkún lè gbé ọkọ̀ dé, jẹ́ 305 kìlómítà fún kékeré, ti ńlá jẹ́ 484. Ìwọ̀n ilé-iṣẹ́ kì í ṣe ìwọ̀n Èkó, mo gbà. Ẹ yọ ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan sọnù. Ó ṣì ku 200 fún kékeré, ìyẹn ni pé ará Ìkòròdú yẹn lè lọ sí Marina kó sì padà lẹ́ẹ̀mejì láìfi wáyà kàn án. Ẹni tó ń lọ Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú lóòrèkóòrè ni ńlá yẹ. Àwíjàre kan ṣoṣo tí mo máa ń gbà lẹ́nu àwọn yòókù ni ti táńsífọ́mà: tí ti àdúgbò yín bá máa ń jó, tí ẹ sì máa ń wà nínú òkùnkùn fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó dá a lóhùn, bátìrì ńlá á gbé yín kọjá ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Ìdí gidi nìyẹn. "Kó ṣáà wà níbẹ̀" kì í ṣe ìdí.

Ohun mìíràn tún ń bẹ nínú bátìrì yìí tí àwọn tó ń ta ọkọ̀ kì í fẹnu kàn, ó sì lè jẹ́ pé àwọn gan-an ò mọ̀ ọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìpele kékeré àti ìpele ńlá kì í lo irú bátìrì kan náà. MG4 tí wọ́n tà ní Yúróòpù, Standard rẹ̀ jẹ́ 51 kWh, LFP ni. Long Range rẹ̀ jẹ́ 64 kWh, òun jẹ́ NMC. Orúkọ ohun tí wọ́n fi ṣe inú bátìrì ni méjèèjì. LFP lè gba iná kún dẹ́nu lójoojúmọ́ láìsí wàhálà, ó sì máa ń fara da kíkún àti gbígbẹ léraléra ju èkejì lọ. NMC ní tiẹ̀, wọ́n máa ń gba oní nǹkan nímọ̀ràn pé kó má ṣe kọjá 80% lójoojúmọ́, kó fi 100% sílẹ̀ de ìrìn àjò. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 80% nínú 64 jẹ́ 51.2. Ẹni tó gbé Long Range tó sì ń tẹ̀ lé ìmọ̀ràn yìí, iye iná kan náà lòun àti ẹni tó gbé Standard tó ń kún un dẹ́nu ń gbé jáde láàárọ̀. Ẹni tó sanwó lé e sì ń ru bátìrì tó tóbi jù kiri. Ní ìlú tí iná ọba kì í sọ fúnni ìgbà tó ń bọ̀, ọkọ̀ tó lè sọ pé "Ẹ bù ú fún mi títí yóò fi kún" ni mo máa yàn. (Ẹnikẹ́ni ò ní mú yín tí ẹ bá kún NMC dẹ́nu lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Sísọ ọ́ di àṣà, pàápàá kéèyàn gbé e sínú oòrùn bẹ́ẹ̀ ní kíkún, ló ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú.)

Ẹ jẹ́ ká dé ilé wàyí, torí ilé lọkọ̀ oníná ti ń jẹun jù. Wọ́n á ní ìpele òkè ń gba 11 kW, ti ìsàlẹ̀ ń gba 7 kW. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fésì mẹ́ta ni 11 kW yẹn ń bá ṣiṣẹ́, fésì kan ni ọ̀pọ̀ fúláàtì Súrùlérè, Yábàá àti Gbàgádà ń lò. Lórí fésì kan, méjèèjì ń padà di ẹgbẹ́. Àní sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán tó ń gbé ámpíà 10 lórí 230 fóòtì á fún ọkọ̀ ní 2.3 kW. Wákàtí 12 níbẹ̀ súnmọ́ 28 kWh, ìyẹn sì ju ohun tí ará Ìkòròdú wa ń jẹ lóòjọ́ lọ. Owó rẹ̀ náà ṣe é kà: lórí Band A, tí wọ́n ní kó máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, 209.5 náírà ni wọ́n ń gba kWh kan láàárín 2024. Kíkún 51 kWh lórí iye yẹn jẹ́ bíi 10,700 náírà, láìka díẹ̀ tó ń sọnù lójú wáyà.

Ohun tó ń dá ọkọ̀ dúró nílé, ọ̀pọ̀ ìgbà, kò kan ìpele. Mo wà níbẹ̀ ní Súrùlérè nígbà tí obìnrin kan gbé ìpele tó ga jù dé. Wọ́n ju wáyà sílẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè, wọ́n tì í bọ ihò ọkọ̀, iná pupa ń ṣẹ́jú. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ wá, pupa náà ni. Ó ti ń pe nọ́ńbà ẹni tó ta ọkọ̀ fún un kí réwáyà àdúgbò tó dé pẹ̀lú tẹ́sítà rẹ̀.

"Mọ́mì, ọkọ̀ yín ò ṣe nǹkan kan o. Sọ́kẹ́ẹ̀tì yín ni kò ní ẹ́ẹ̀tì."

"Ẹ́ẹ̀tì wo? Fíríìjì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ọdún mélòó kan."

"Fíríìjì ò bìkítà, Mọ́mì. Mọ́tò yìí bìkítà."

Ó ri ọ̀pá kọ́pà mọ́lẹ̀ lẹ́yìn táǹkì omi, ó fa wáyà aláwọ̀ ewé lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, iná ọkọ̀ di àwọ̀ ewé. Ṣájà ọkọ̀ máa ń yẹ ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà tó so sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ilẹ̀, wò kó tó tú iná sílẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kì í fi bá a rẹ́. Ẹ pe oníná wá sílé yín kí ẹ tó lọ sọ́jà. Owó iṣẹ́ rẹ̀ kéré sí owó òrùlé gíláàsì.

Tí ẹ bá fẹ́ fi owó kún ìpele nítorí ohun kan ṣoṣo, kó jẹ́ V2L, ìyẹn ni pé ọkọ̀ lè fún ilé níná padà. Ẹ fi wáyà ìfàgùn sí i, ó gbé fíríìjì, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n láìmú ariwo tàbí èéfín wá. Àwọn ọkọ̀ kan ní i lórí gbogbo ìpele, àwọn kan fi sórí ti òkè nìkan, àwọn kan sì ń ta ohun tí wọ́n máa ń kì bọ ihò rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ ní kí wọ́n gbé fáànù wá, kí wọ́n tan án lójú yín.

Ihò ìgbaná wá ńkọ́? Ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ fún China ń lo GB/T. Ti Yúróòpù ń lo CCS2, ti Amẹ́ríkà ń lo CCS1 tàbí ti Tesla, Nissan Leaf tòkunbọ̀ sì ń lo CHAdeMO. Full option tí wọ́n kọ́ fún China lè wọ́n dín sí ti Yúróòpù kó sì kún fún nǹkan mèremère, àmọ́ ẹ wo ohun tó wà nínú owó náà: ojú ẹ̀rọ tó ń kọ èdè Ṣáínà, máàpù tí kò mọ Ìkẹjà, ohùn tí kò gbọ́ Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì, àti ìwọ̀n ìrìn CLTC ti China tó máa ń ga ju WLTP lọ fún bátìrì kan náà. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tó sọ ìpele òkè di ọ̀wọ́n níbẹ̀ ló jẹ́ ti íntánẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ wọn. Àwọn kan á ní ẹ wo lẹ́tà àkọ́kọ́ lára nọ́ńbà ṣáísì, tó bá jẹ́ L, ti China ni. Kò tó. L ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é, kò sọ ọjà tí wọ́n ṣe é fún. MG4 tó lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù náà, L ni. Ẹ ṣí ìdérí ihò náà, kí ẹ fojú ara yín rí i.

Ní ti Leaf tòkunbọ̀, lẹ́tà S, SV tàbí SL tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò tó ohun tó wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọ̀pá kéékèèké 12 ló máa ń tò sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀n bátìrì, bí bátìrì ṣe ń darúgbó ni wọ́n ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ lásán ló ń tu bátìrì àwọn Leaf àtijọ́ yìí lára, kò sí omi tó ń yí i ká. Ooru kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀: ní 2012 làwọn tó ni ín ní Arizona bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ọ̀pá ń sọnù kí ọjọ́ tó pé. S tó ṣì ní ọ̀pá 12 sàn ju SL tó ku mẹ́jọ lọ, ì báà ní awọ ìjókòó bí ti ààfin. Àmọ́ S ní àléébù tirẹ̀: lára ọ̀pọ̀ S àtijọ́, kò sí ihò ìgbaná kíákíá àyàfi tí ẹni tó kọ́kọ́ rà á bá sanwó lé e.

Ìpele tí ẹ̀rọ ti ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (AWD)? Ó ń jẹ bátìrì, kò sì ní gbé yín kúrò nínú ìkún omi Lẹ́kí. Rímù 20? Ẹ kọ́kọ́ bi fọganáísà àdúgbò yín bóyá ó ní táyà rẹ̀ rí, torí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná kì í gbé sípíà, rímù ńlá sì ń gé ìrìn kúrú. Ìpele tí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀ láti dà bí ọkọ̀ ìdíje, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tí kò mọ kòtò.

Orúkọ tó wà lẹ́yìn búùtù kì í ṣe ẹ̀rí. Ìlú tí wọ́n ti ń sọ Camry àtijọ́ di tuntun, lílẹ bájì kò le. Tí ẹ bá fẹ́ sanwó, ẹ ní kí wọ́n kọ kWh bátìrì, irú bátìrì, irú ihò àti ìlú tí wọ́n kọ́ ọkọ̀ fún sórí rìsíìtì, pẹ̀lú nọ́ńbà ṣáísì. Tí ọ̀gá bá ní "full option" tí òun kọ síbẹ̀ ti tó, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì kọjá sí ṣọ́ọ̀bù tó kàn.