₦152,000 kí n tó lè lu ìlù bébà

₦105,000 ni mo fi sọ́kàn: ₦80,000 fún ẹ̀rọ géèmù, ₦25,000 fún géèmù tí màá fi sínú rẹ̀, ó tán. Nígbà tí mo máa fi jókòó gbádùn ara mi, ₦152,000 ti jáde lápò mi, èèyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ti tú ẹ̀rọ náà palẹ̀ bí ẹran iléyá. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Aránṣọ ni mí, ní Kubwa níbí, ní Àbújá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wá lo họlidé lọ́dọ̀ mi ló jẹ́ kí n mọ géèmù Tearaway. Ó fi fídíò rẹ̀ hàn mí lórí fóònù: ayé kan tí wọ́n fi bébà ṣe láti òkè délẹ̀, òkè bébà, odò bébà, igi bébà, ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po sì hàn ketekete. Ẹni tó bá ń gé pátánì sórí bébà láti àárọ̀ dalẹ́ bíi tèmi á rí i pé àwọn tó ṣe é mọ bébà dáadáa. Media Molecule ni orúkọ wọn, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wà, ọdún 2013 ni wọ́n gbé e jáde fún PS Vita, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́dì ti Sony. Vita ti kúrò lórí àtẹ tipẹ́, tòkunbọ̀ nìkan lèèyàn lè rí rà báyìí.

Gbogbo ara ẹ̀rọ ni géèmù yìí ń lò, ohun tó jẹ́ kó wù mí nìyẹn. Vita ní kámẹ́rà níwájú, ó ní lẹ́yìn. Ó ní máìkì. Ó mọ̀ téèyàn bá gbé e fì sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ojú rẹ̀ ṣe é fọwọ́ kàn bíi ti fóònù, ẹ̀yìn rẹ̀ náà sì ṣe é fọwọ́ kàn. Ẹ̀yìn yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn.

Plaza kan ní Wuse 2 ni mo ti rà á. Vita àkọ́kọ́ ni, irú èyí tó jáde ní Jàpáàn lọ́dún 2011. Ọmọkùnrin tó tà á tan iná rẹ̀ fún mi, ó tẹ gbogbo bọ́tìnì, ó ní, “Àǹtí, ẹ wo ojú ẹ̀, ó mọ́ kedere.” Ó mọ́ lóòótọ́. Mo sanwó, mo wọ ọkọ̀, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́ dé Kubwa.

Ìgbà tí mo délé ni mo mọ̀ pé Vita àkọ́kọ́ ò ní ibi ìpamọ́ kankan nínú. Mẹ́mọ́rì káàdì ti Sony fúnra wọn ló ń lò, ti fóònù kì í wọ ibẹ̀. ₦30,000 fún káàdì tí kò tó èékánná mi! Ṣájà rẹ̀ náà, ẹnu tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo nǹkan tó wà nílé mi. ₦6,000.

Bí wọ́n ṣe ń fi déètì àti aago sí i, mi ò ní fi ìyẹn pá yín lórí.

Géèmù bẹ̀rẹ̀, ó ní kí n yan ẹni tí mo fẹ́, Iota tàbí Atoi. Mo mú Atoi, obìnrin bíi tèmi. (Ẹ ka Iota láti ẹ̀yìn wá, ẹ máa rí Atoi.) Òjíṣẹ́ ni, àpòòwé lẹ́tà ni orí rẹ̀, iṣẹ́ tó sì ń jẹ́, èmi tí mo di ẹ̀rọ mú ni wọ́n rán an sí. Mo gbójú sókè nínú géèmù, mo rí oòrùn, inú oòrùn yẹn sì ni ojú tèmi wà, tòun ti gèlè tí mo fi di irun. Kámẹ́rà iwájú ló ń gbé mi lọ síbẹ̀. Mo pariwo. Bí mo ṣe ń pariwo ni NEPA mú iná, oòrùn ayé bébà sì dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, nítorí kámẹ́rà náà ò rí ojú mi mọ́. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ojú ara mi kí ilẹ̀ lè mọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo dé ibi ìlù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ géèmù, Atoi kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fò. Tó bá fẹ́ dé ibi gíga, á dúró lórí awọ ìlù, ìwọ á fi ìka lu ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ìlù á sì jù ú sókè. Àwọn àmì kéékèèké tó wà lẹ́yìn Vita náà ló wà lójú ìlù yẹn, kó lè yé ọ pé ibì kan náà ni. Ó yé mi. Mo lù ú. Atoi dúró, ó ń wò mí. Mo tún lù ú. Mo fi ìka kan lù ú, mo fi méjì, mo fi mẹ́rin bí ẹni ń lu àkúbà. Atoi ń wò mí.

Mo kọ́kọ́ rò pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbà á, kò lọ fún òun náà. Ó wá ní ọyẹ́ ni, pé ọwọ́ wa ti gbẹ jù, pé irú ẹ̀rọ báyìí kì í gbọ́ ọwọ́ gbígbẹ. Ẹni tó bá ń gbé Àbújá ní oṣù kìíní á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ṣe é gbà gbọ́, fóònù mi gan-an ń ṣe bẹ́ẹ̀ lówùúrọ̀. Mo fi òrí pa ọwọ́. Ẹ̀yìn Vita ń yọ̀ bọ̀rọ̀ bí ẹja àrọ̀, Atoi ò kúrò lójú kan. Odidi ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn. Aṣọ àwọn oníbàárà wà nílẹ̀, èmi ń lu ẹ̀yìn ẹ̀rọ.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnjiníà fóònù kan. Ó gbà á lọ́sàn-án, ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí mo dé, ó ní òun ti tú u, òun ti fọ̀ ọ́, pé ẹ̀yìn náà ti kú, Ṣáínà ni wọ́n ti máa gbé òmíràn wá. ₦8,000 fún ìfọ̀. Mo bi í pé kí ló fọ̀ tí kò fi jí. Kò rí èsì fọ̀.

Oníbàárà mi kan ló júwe ẹnì kejì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Kàdúná, tí Háúsá inú Yorùbá rẹ̀ pọ̀ ju iyọ̀ inú ọbẹ̀ lọ. Ó ní, “Àǹtí, ẹ jókòó, kò ní pẹ́.” Mo ti gbọ́ irú ẹ̀ rí, àmọ́ mo jókòó. Ó tú àwọn ìdè rẹ̀, ìyẹn àwọn síkúrúù, ó rọra ṣí ẹ̀yìn, ó dákẹ́, ó wá wò mí.

“Àǹtí, ta ló bá yín pààrọ̀ bátìrì?”

“Bátìrì wo?”

“Eléyìí kì í ṣe bátìrì tó bá a wá. Ẹni tó pààrọ̀ ẹ̀ ò dá wáyà ẹ̀yìn padà.”

Ó fi hàn mí. Ara ike ẹ̀yìn gan-an ni ibi tó ń gbọ́ ọwọ́ wà, wáyà pẹlẹbẹ kan ló so ó pọ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ yọ wáyà yẹn, tó bá sì ń dé e, kó fi padà. Wọn ò fi padà. Kò já, kò jóná, ó kàn sùn sílẹ̀ níbẹ̀. Èmi tí mo ń ránṣọ láti ọdún 2009, mo ti ń wa ẹ̀rọ láti ọjọ́ mẹ́rin láìsí okùn lójú abẹ́rẹ́. Ẹnjiníà àkọ́kọ́ náà sì ṣí i, ó rí wáyà yẹn, ó gba ₦8,000!

Ó tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó ró “ta.” Ó gba ₦3,000. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn.

Níbẹ̀, lórí àga rẹ̀, mo fi ìka lu ẹ̀yìn ẹ̀rọ, Atoi sì fò lọ sókè. Nígbà tó ṣe, mo dé ibi tí bébà ilẹ̀ ti fẹ́lẹ́, mo fi ìka tẹ ẹ̀yìn, ìka kan ya ilẹ̀ jáde nínú géèmù, ó dúdú bíi tèmi, torí géèmù ti ní kí n yan àwọ̀ ara mi tẹ́lẹ̀. Mo fi ti àwọn ọ̀tá dànù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ fi iṣẹ́ oníṣẹ́ sílẹ̀, ó dúró lẹ́yìn mi.

Ohun tó kù rọrùn fún mi ju bí ó ṣe rọrùn fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ, mo sì ń fi yangàn. Ọba ọ̀kẹ́rẹ́ ní òun fẹ́ adé. Wọ́n gbé bébà aláràbarà kalẹ̀ pé kí n fi ìka ya ohun tó wù mí, kí n gé e, kí n lẹ̀ ẹ́. Mo gé fìlà abetí ajá fún un, etí méjèèjì dọ́gba. Àgbọ̀nrín kan wà tí kò ní àwọ̀ lára, wọ́n ní kí n ya fọ́tò ohun tí màá fi bò ó. Mo ya àdìrẹ tó wà lórí tábìlì mi. Kámẹ́rà Vita ò dára, ti fóònù kékeré sàn jù ú, ṣùgbọ́n àgbọ̀nrín wọ àdìrẹ, ó ń yan lọ nínú igbó bébà bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Níbi máìkì nìkan ni mo ti kábàámọ̀: gẹ̀nẹ́rétọ̀ aládùúgbò wọ inú ohùn tí mo gbà sílẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ ra tiyín, ojú tó mọ́ kò tó nǹkan. Inú Vita ni Welcome Park wà, ẹ ṣí i níwájú ẹni tó ń tà á, àwọn eré kéékèèké inú rẹ̀ á jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá kámẹ́rà àti máìkì ń ṣiṣẹ́. Káàdì tí géèmù Tearaway wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ sì kọ́kọ́ rà, kí ẹ mú un dání lọ, kí ẹ lu ìlù yẹn lójú rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ bi í bóyá mẹ́mọ́rì káàdì àti ṣájà wà nínú owó náà. Kí ẹ wo àwọn ìdè ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú: tí orí wọn bá ti họ, ẹnì kan ti wọ ibẹ̀ ṣáájú yín. Ti tèmi họ. Mo rí i lọ́jọ́ tí mo rà á, mo rò pé ọjọ́ ogbó ni.

Mo pe ẹni tó tà á fún mi. Mi ò bú u, mo kàn ròyìn bátìrì àti wáyà fún un. Ó ní, “Àǹtí, ẹ ò bi mí nípa ẹ̀yìn.” Mo bi í pé tí mo bá fẹ́ dá a padà ńkọ́, èló ló máa san? Ó ní ₦45,000, torí pé wọ́n ti tú u.