Bí iscntrl ṣe ń ba lẹ́tà ọ jẹ́ nínú èdè C

Kóòdù C kan ń fi iscntrl (iṣẹ́ C tó ń sọ bóyá báìtì kan jẹ́ àmì ìdarí) yẹ fáìlì Yorùbá tí a kọ ní UTF-8 (ọ̀nà ìkọ lẹ́tà tó lè fi báìtì púpọ̀ kọ lẹ́tà kan) wò, báìtì kan lẹ́yìn èkejì, kí ó lè yọ àmì ìdarí, ìyẹn àwọn àmì tí kì í hàn lójú, kúrò. Nígbà tó parí, gbogbo ọ ti di rádaràda, àmọ́ ẹ àti ṣ kò ní àbùkù kankan. Ibẹ̀ gan-an ni àṣírí wà.

Ẹ fi èyí wò ó: printf 'ọ' | od -An -tx1. Ohun tó máa jáde ni báìtì mẹ́ta tí ọ ní, ní hexadecimal: e1 bb 8d. ISO-8859-1 (ọ̀nà ìkọ lẹ́tà àtijọ́ tó ń lo báìtì kan fún lẹ́tà kan) ni setlocale, iṣẹ́ C tó ń yan ètò èdè, mú, àmì ìdarí sì ni 80 dé 9F níbẹ̀, ni iscntrl bá yọ 8d dànù. Lẹ́tà ẹ jẹ́ e1 ba b9, ṣ jẹ́ e1 b9 a3, kò sí èyí tó bọ́ sí àárín 80 àti 9F. À ńlá (c3 80) náà bàjẹ́; à kékeré (c3 a0) yè é.

Àtúnṣe: ẹ fi iscntrl sílẹ̀, kí ẹ sì yọ báìtì b tí àyẹ̀wò yìí bá mú.

unsigned char b;
if ((b < 0x20 && b != 9 && b != 10 && b != 13) || b == 0x7F)

Ẹ má fi char lásán rọ́pò unsigned char. Lórí x86 (irú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó wọ́pọ̀), 8d á di -115, tó kéré sí 0x20, àyẹ̀wò yìí á sì mú un; òfin C kò sì gba irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ fún iscntrl pàápàá. 0 dé 255 tàbí EOF (àmì òpin fáìlì) nìkan ló gbà.

Bí ẹ bá fẹ́ yọ U+0080 dé U+009F (àwọn àmì ìdarí 80 dé 9F yẹn, ní nọ́ńbà Unicode) náà, c2 ló máa ń ṣíwájú wọn nínú UTF-8: ẹ yọ báìtì méjèèjì pọ̀.